Nọ́ọ̀tì Tí Gbogbo Agbo Ilé Bá Mi Yí

Wọ́n ní ọwọ́ mi kò le. Gbólóhùn yìí ni ó mú mi jókòó ti ìwé, èmi tí n kò kà ju ìwé kẹta lọ kí bàbá mi tó yọ mí kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ pé oko ń pè. Bí ènìyàn bá sọ fún àgbẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò le, àgbẹ̀ náà lè rẹ́rìn-ín, kí ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, kí ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń tún ṣe ní Ṣàgámù lákòókò tí mo ń sọ yìí, nọ́ọ̀tì ni mo sì ń yí láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí ìròyìn bá kàn pé ọwọ́ ẹni tó ń yí nọ́ọ̀tì kò le, ta ni yóò gun kẹ̀kẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún ṣe, tí yóò gbé ìyàwó sẹ́yìn, tí yóò sì dorí kọ ọ̀nà Ìkẹnnẹ́? Oúnjẹ ẹnu mi ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà da yẹ̀pẹ̀ sí. Nítorí náà, kí ẹni tó bá ń kà á fara balẹ̀. N óò sọ ọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀, n kò sì ní fi iyọ̀ sí i ju bí ọbẹ̀ ṣe fẹ́ lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni wọ́n ri páìpù omi ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ gba iwájú agbo ilé wa kọjá. Ilé gígùn ni ilé wa. Ọ̀ọ̀dẹ̀ kan là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì wà lọ́tùn-ún àti lósì. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, obì gbàǹja ni ó sì ń bọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Kànga kan ṣoṣo ni a ní, ó sì máa ń bínú gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní àkókò náà gan-an tí àwọn obìnrin ilé bá ń fẹ́ omi láti fi fọ obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

Àgbà tó jẹ́ olórí ẹbí wa, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Àgbà, dúró níwájú ilé ní ọjọ́ tí wọ́n bo kòtò páìpù náà tán, ó sì bínú.

Ó ní, "Omi ń gba iwájú ilé wa lọ sí ilé onílé, kò tilẹ̀ yà kí wa! Àlejò tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbá mi, wọn ì bá ti pè é padà."

Bí a ṣe pinnu láti fa omi wọ inú ilé nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé omi dé ara ògiri wa níta, wọ́n ní láti ibẹ̀ wọ inú ilé, tiwa ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ omi ẹ̀rọ kò pọ̀ ní ìlú nígbà náà, àwọn tó ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ti gbà wọ́n tán. Ọ̀kan tí a rí bẹ̀ wá sí ilé. Ó wo ògiri, ó mu omi tútù, ó ní òun ń bọ̀. Mo gbàgbọ́ pé ó ṣì ń bọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Èkó tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó akọ́lé. Nígbà tó gbọ́ ìyà tó ń jẹ wá, ó kó páìpù àti èlò tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wọn, èyí tí ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa kó lọ, ó sì gbé e wá fúnra rẹ̀ nínú àpò ìrẹsì. Gbogbo ilé péjọ láti wò ó. Páìpù irin dúdú ni a mọ̀, èyí tí wọ́n máa ń fi irin gé lẹ́nu kí ó lè wọ inú ara rẹ̀ bí ìdérí ìgò. Páìpù tó kó wá kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbà pupa ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dán bọ̀rọ́ láìsí gígé kankan. Oríkèé idẹ ni wọ́n fi ń so ọ̀kan mọ́ èkejì, nọ́ọ̀tì idẹ wà ní apá méjèèjì oríkèé náà, òrùka idẹ kékeré sì wà nínú nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Mo bi í pé, "Níbo ni kí n ti lọ gé ẹnu rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "A kì í gé e. Kó nọ́ọ̀tì sí páìpù lọ́rùn, kó òrùka tẹ̀lé e, ti páìpù wọ inú oríkèé títí yóò fi kan ìdí rẹ̀. Fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì náà títí yóò fi kọ̀ fún ọ. Nígbà tó bá kọ̀, fi sípánà yí i po lẹ́ẹ̀kan, kí o fi ìwọ̀nba díẹ̀ lé e. Kí o wá fi í sílẹ̀."

"Kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Kí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òrùka ni ó ń di omi lọ́nà, kì í ṣe agbára. Wò ó bí ọrùn ẹ̀wù. Bó bá bá ọrùn mu, ara tu olúwa rẹ̀. Bó bá fún jù, ẹni tó wọ̀ ọ́ a máa da itọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, ó sì dùn mọ́ mi nínú, nítorí bí nọ́ọ̀tì ìdí àgbá kẹ̀kẹ́ ṣe rí gan-an nìyẹn: bí o bá fún un jù, àgbá kò ní yí, bí o kò bá sì fún un tó, yóò máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó mu ẹmu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró tì mí títí mo fi so oríkèé àkọ́kọ́, ó ní ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n, ó sì padà sí Èkó. Èmi nìkan ni mo ṣe èyí tó kù. Mo gbé páìpù náà láti ara ògiri ìta, mo mú un gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ, ó sì jáde sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń fọ obì. Oríkèé kan bọ́ sí ara ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá tí àbúrò bàbá mi obìnrin ń kó apẹ̀rẹ̀ obì rẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, oríkèé yìí ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ tí a ṣí omi, àríyá dé. Omi kọ́kọ́ tú pupa, ó tutọ́, ó húkọ́, ó wá funfun. Àbúrò bàbá mi náà, ìyá olóbì tí mo wí yìí, gbé korobá sábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ń jó yí i ká. Ìyàwó mi ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dá òjò. Mo fi ọwọ́ nu gbogbo oríkèé lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn gbẹ bí etí abọ́. Inú mi dùn dé ibi pé mo gbàgbé láti jẹun.

Lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ gbé sípánà mi padà sí búkà tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé. Bàbá Àgbà dá mi dúró.

"Níbo ni o ń gbé e lọ?"

"Búkà ni, Bàbá. Òun ni mo fi ń jẹun."

"O ní òmíràn níbẹ̀. Fi èyí sílẹ̀. Ohun gbogbo ilé ni omi yìí, kí ohun tí a ó fi tọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo ilé. Bó bá ń jò nígbà tí o kò sí ńkọ́?"

"Bàbá, bí kò bá jò, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o."

"Ta ni yóò fọwọ́ kan ohun tí kò jò?"

Ó kan ìṣó mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé náà, ó sì gbé sípánà mi kọ́ ọ.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé wa kò lè mọ ohun tí ìṣó yẹn ṣe fún wa, àfi kí n ṣàlàyé. Ní agbo ilé wa, a kì í fi ẹnu lásán kí òṣìṣẹ́. Bí o bá bá ẹni tó ń gún iyán tí o kí i pé ó kú iṣẹ́, wàá gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀, wàá sì gún un díẹ̀ kí o tó kọjá. Bí o bá bá ẹni tó ń hun apẹ̀rẹ̀, wàá fa ọ̀pá kan gba inú rẹ̀. Ẹni tó bá kí òṣìṣẹ́ tí kò fọwọ́ kan iṣẹ́, ìkíni òfo ni ó kí, wọn yóò sì máa sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwà dáadáa ni, n kò bá a jà. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá rí mi tí mo jókòó ti kẹ̀kẹ́ níwájú ilé, wọn yóò kí mi, wọ́n sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá mi tú kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́. Ọwọ́ wọn a wá máa yún wọn. Wọn yóò wọ ọ̀ọ̀dẹ̀, wọn yóò rí iṣẹ́ mi lára ògiri, wọn yóò rí sípánà mi lórí ìṣó. Ẹ wá wo bí Èṣù ṣe ń tẹ́ ẹní.

Èmi kò mọ̀. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń gba ọpẹ́ omi.

Ó tó ìgbà tí òjò ń rọ̀ gan-an kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà ìyá olóbì, ọkùnrin Hausa kan tí gbogbo wa ń pè ní Màlámù, wá láti Sábó láti kó obì. Ọmọlúàbí ni, ó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan iye ọjà. Ìyá olóbì ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ fún un. Omi ti ń yọ́ wọlé láti ara oríkèé náà, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì ti mu ìdí àwọn apẹ̀rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ obì gbàǹja mọ̀ pé ó fẹ́ omi nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti fi ewé dì í tán, omi di ọ̀tá rẹ̀. Obì ìsàlẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá.

Ìyá olóbì kò dúró nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan jáde síwájú ilé, ó gbé e kalẹ̀ níwájú búkà mi, Màlámù ń tẹ̀lé e, àwọn tó ń lọ sí ọjà sì ń dúró wò ó.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wá wo obì! Ọwọ́ rẹ̀ kò le! Mo ti mọ̀ láti kékeré rẹ̀, kì í di ẹrù kó má tú!"

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó ná."

"Kí lo fẹ́ wò? Ṣé obì tó dúdú ni yóò tún pupa? Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, o kò lè yí i kó le! Òun wá ni ó ń bá àwọn ènìyàn yí ti kẹ̀kẹ́!"

Ọkùnrin kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó nawọ́ mi nọ́ọ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí wò, ó wo ojú mi, ó sì jókòó padà sí etí bẹ́ǹṣì pẹ́ńpẹ́. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, àwọn tó bá gbé kẹ̀kẹ́ wá a máa sọ pé, "Ẹ bá mi tún un yí díẹ̀ sí i." Olùkọ́ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìlárá tilẹ̀ mú sípánà tirẹ̀ lọ́wọ́ wá. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan tó ń wa tírélà, alápanilẹ́rìn-ín ni, bí ó bá ti rí mi báyìí, yóò di etí ṣòkòtò rẹ̀ mú, yóò ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi so okùn ṣòkòtò mi. Rárá, ẹ jẹ́ kó máa jábọ́, ó sàn kó jábọ́ lọ́wọ́ èmi fúnra mi!"

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò kún inú ìkòkò.

Àwọn àgbà ilé ránṣẹ́ sí mi pé kí n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá olóbì níwájú ilé, kí a sì pa iná ọ̀rọ̀ náà. Mo ránṣẹ́ padà. Mo ní àbúrò bàbá mi ni, ìyá mi ni, bí ó bá jí láàárọ̀ n óò dọ̀bálẹ̀ kí i, bí ó bá ti ọjà dé n óò dọ̀bálẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n n kò ní dọ̀bálẹ̀ nítorí nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi.

Bàbá Àgbà pè wá jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí àwọn onígbàgbọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí àwọn Mùsùlùmí sì ti kírun. Ó jókòó sórí àga rẹ̀. Oríkèé tí a ń jà lé lórí wà lókè orí rẹ̀ lára ògiri. Mo ti ti omi pa níta, nítorí náà kò jò, ó kàn ń wò wá.

Ìyá olóbì kọ́kọ́ rojọ́. "Ẹ kú ìkàlẹ̀ gbogbo yín. Ẹjọ́ mi kò gùn. Nọ́ọ̀tì tí kò le ni ó tú, omi sì wọ inú obì mi. Ó tán."

Bàbá Àgbà yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́?"

Mo ti ro ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀. Mo ti fẹ́ sọ nípa òrùka, nípa ọrùn ẹ̀wù, nípa bí mo ṣe fọwọ́ nu oríkèé lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ parẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó jáde lẹ́nu mi.

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé nọ́ọ̀tì náà tú?"

Kí Bàbá Àgbà tó fèsì, awakọ̀ tírélà dìde.

"Kò lè tú láé! Ẹ má jẹ́ kí a parọ́ mọ́ Bọ̀dá. Èmi fúnra mi yí i nígbà tí mo ti Kánò dé. Mo kí wọn níta pé ẹ kú iṣẹ́, mo wọlé, mo rí sípánà, mo sì fi ọwọ́ mi kún un. Ó le bí òkúta!"

Àbúrò bàbá mi kan tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa mi orí. "Ó kù díẹ̀ nígbà tí ìwọ yí i, nítorí èmi náà yí i lẹ́yìn rẹ. Bí mo bá ti ṣe àlùwàlá Jímọ̀ tán, mo máa ń fún un díẹ̀ kí n tó jáde. Láádá ni mo ń wá."

"Gbogbo Jímọ̀?" Èmi ni mo bi í.

"Kò sí èyí tí mo fò."

Ìyàwó ilé kan lẹ́yìn fi ọwọ́ lu àyà. "Ẹ̀yin ọkùnrin nìkan kọ́ o! Èmi gun àpótí kí ọwọ́ mi tó tó o. Mo fi ìdí tì í!"

"Èmi náà yí i ní ọjọ́ ìkómọ!"

"Èmi yí i nígbà tí mo ti oko dé, ọwọ́ mi tilẹ̀ dọ̀tí, mo sì fọ sípánà náà lẹ́yìn rẹ̀!"

Ariwo ta. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń ké lé ara wọn lórí, kálukú ń sọ bí tòun ṣe le tó, inú wọn sì dùn pé àwọn ń gbèjà mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí ìyàwó mi tó tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ìwọ náà?"

Ó rọra ní, "Ẹ lọ sí Ìsarà lọ́jọ́ kan. Mo ní kí n bá yín mú un dúró."

Ìyá olóbì ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, gèlè tí kò bàjẹ́. Alábàárù rẹ̀, ọkùnrin gìrìpá kan tó ń bá a ru apẹ̀rẹ̀ obì, tí a kò tilẹ̀ pè sí ìpàdé, yọjú lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ó ní, "Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n fi ọmọ odó gbá ìdí sípánà náà, kí ó lè tẹnu mọ́ ọn?"

"Mo ní kí o gbá a díẹ̀ ni!"

"Díẹ̀ náà ni mo gbá a, Ìyá. Ara mi ni kò kéré."

Ọ̀ọ̀dẹ̀ bẹ́ sí ẹ̀rín. Mo gbé àga wá, mo mú sípánà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tú u, kí ojú rí ohun tí etí ń gbọ́. Nọ́ọ̀tì náà kọ̀. Alábàárù ní láti bá mi dì í mú kí ó tó gbà, ó sì ké bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀. Nígbà tí mo fa páìpù yọ, òrùka idẹ náà ti wọ inú bàbà lọ ráúráú. Ó ti fún páìpù lọ́rùn títí ó fi rí bí ìbàdí agbọ́n, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ti ń jáde. Kò tú. Wọ́n fún un pa ni.

Wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ọmọ tuntun. Ó dé ọwọ́ Bàbá Àgbà. Ó wò ó títí, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó sì mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Èmi náà yí i."

"Bàbá!"

"Ẹ dákẹ́. Mo rí i pé gbogbo yín ń yí i. Mo ní bí ọwọ́ àgbà kò bá sí níbẹ̀, kò ní pé." Ó gbé páìpù náà lé itan rẹ̀. "Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ọmọ yìí. Òun nìkan ni ó yí i bí ó ti yẹ. Ó parí, ẹ máa lọ jẹun."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Èmi kò dìde.

Mo ní, "Bàbá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n ti bú mi, inú ilé ni ẹ ti dá mi láre. Ìta kò gbọ́."

Ó wò mí. "Kí lo wá fẹ́?"

"Kí Ìyá sọ ọ́ níwájú ilé, ní ibi tí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ sí, pé ọwọ́ mi le. Kí Màlámù sì wà níbẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe é."

Ìyá olóbì ní, "Ṣé kí n kúkú gun orí òrùlé?"

"Ilẹ̀ tó, Ìyá."

Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ lé ẹnu, bóyá ó ń ronú, bóyá ó ń fi ẹ̀rín pamọ́. Ó ní ohun tí mo béèrè tọ́. Mo sì gbọ́dọ̀ yin ìyá olóbì níbí yìí: ẹni tó bá lè pariwo láti bú ènìyàn tí ó sì lè pariwo láti dá a láre kò wọ́pọ̀. Ní ọjọ́ ọjà tí Màlámù tún wá, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí jáde láti inú búkà. Ó dúró ṣánṣán, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì gbé e sókè bí ti ẹni tó borí nínú ìjàkadì.

"Màlámù! Ẹ dúró, ẹ má tíì ka obì. Ọmọ yìí, ọwọ́ rẹ̀ le!"

Màlámù wo ọwọ́ mi. "Tó. Ta ni ó sọ pé kò le?"

"Èmi ni."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ tí omi wọ inú apẹ̀rẹ̀! Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń pariwo."

Ó mi orí rẹ̀. "Ìyá, lọ́jọ́ yẹn, obì ni mò ń wò. N kò gbọ́ nǹkan kan."

Ẹ wo wàhálà. A kò lè dá ènìyàn láre lójú ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án. Ìyá olóbì ronú, ó sì rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: kí ó tún ẹ̀sùn náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó tú u ká. Ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí omi tó yọ́ wọlé, ó gbé obì dúdú sókè tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ké pé ọwọ́ mi kò le bí ó ti ké e lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó tilẹ̀ dùn létí ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ará ọjà dúró. Wọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́ tán pé ọwọ́ mi kò le, wọ́n ṣe háà, wọ́n gbé ẹrù wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Mo ní, "Ìyá, wọ́n ń lọ!"

Ó wẹ̀yìn. "Ẹ padà wá! Ẹ ò tíì gbọ́ ìparí rẹ̀! Kì í ṣe òun o! Àwa ni!"

Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì sá tẹ̀lé wọn. Màlámù jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá olóbì mú àwọn kan, ó sọ ìyókù ọ̀rọ̀ fún wọn lójú ọ̀nà, ó fi ọmọ odó sí i, ó fi láádá sí i, kò fi ara rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn mìíràn yá ju tirẹ̀ lọ, wọ́n gbé ìdajì ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ìkẹnnẹ́, sí Ìlárá, sí ibi tí n kò mọ̀. Nítorí àwọn yẹn ni mo ṣe ń kọ ọ́. Bí ẹ̀yin tó ń kà á bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ ti gbọ́ ìyókù báyìí.

Ẹni tí ìyá olóbì mú gbẹ̀yìn gun kẹ̀kẹ́. Ìyá ti di àga ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà mú, ó sì kọ̀ láti fi í sílẹ̀ títí ó fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ọkùnrin náà ń sọ pé, "Ìyá, mo gbọ́, mo ti gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀." Nígbà tí ó fi í sílẹ̀, ọkùnrin náà kò lọ. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó sì ń tì í bọ̀ wá sí búkà mi, àgbá iwájú rẹ̀ ń mì.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ le?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé kò wá le jù?"

"Ó mọ níwọ̀n, sà."

Ó ronú díẹ̀, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ náà lé mi lọ́wọ́.